Ìtọ̀ há, PSA kò ga: bí wọ́n ṣe ń wá sàkómà inú pròsítéètì rí

Bí àgbà ọkùnrin kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóru, tí ìtọ̀ náà ń kán tó, tó, tó, gbogbo ará ilé ló máa mọ orúkọ àìsàn náà kí dókítà tó sọ̀rọ̀: pròsítéètì ni. Wọ́n á mú un lọ sí láàbù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ fún PSA, èròjà tí pròsítéètì ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, èsì á jáde pé 1.8, ọkàn gbogbo wọn á balẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìbàlẹ̀ ọkàn náà tọ́, nítorí wíwú lásán ló pọ̀ jù nínú pròsítéètì àgbà. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ kan wà níbẹ̀ tí PSA kì í bá wí. Sàkómà ni orúkọ rẹ̀. Kò pé ẹyọ kan nínú 100 jẹjẹrẹ tó ń bẹ̀rẹ̀ nínú pròsítéètì, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè sọ sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn.

Ẹbí tó ń gbé aláìsàn kiri la kọ èyí fún, àti nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tó kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ ní ìlú kékeré. Ẹran ara tí wọ́n bá gé níbẹ̀ nìkan ni ẹlẹ́rìí tó mọ ọ̀rọ̀ náà délé. Bí ẹlẹ́rìí yẹn bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, kò sí ẹ̀rọ tó lè rọ́pò rẹ̀.

Ìdí tí PSA kò fi rí i

Pròsítéètì wà lábẹ́ ilé ìtọ̀, ó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká bí òṣùká. Nínú rẹ̀ ni àwọn kókó tíntìntín tó ń ṣe omi tó ń bá àtọ̀ jáde, àwọn kókó wọ̀nyí ló sì ń tú PSA sínú ẹ̀jẹ̀. Iṣan àti fọ́nrán ara ló so wọ́n pọ̀. Jẹjẹrẹ pròsítéètì tí gbogbo ayé mọ̀ ń ti ara kókó bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí PSA fi ń ga. Sàkómà ń ti ara iṣan tàbí fọ́nrán bẹ̀rẹ̀, iṣan kì í sì í ṣe PSA. Ó lè tóbi bí ọsàn kí PSA ṣì wà ní 1 tàbí 2.

Òdìkejì rẹ̀ náà ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ní sàkómà lè ní wíwú àgbà pẹ̀lú rẹ̀, tàbí àrùn ìtọ̀, tàbí kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ki rọ́bà ìtọ̀ bọ̀ ọ́, kí PSA sì fò kọjá 4, ààlà tí wọ́n sábà ń lò. Nítorí náà PSA kò lè dá a láre, kò sì lè dá a lẹ́bi. Kí nọ́ńbà náà tilẹ̀ tó ní ìtumọ̀, ẹ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá lẹ́yìn àrùn ìtọ̀, kí bàbá má bá obìnrin lò pọ̀ fún ọjọ́ méjì ṣáájú. Ẹ sì sọ fún dókítà bó bá ń lo finasteride, oògùn pròsítéètì tó wú: lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, oògùn yẹn á ti gé PSA sí ìlàjì, ìlọ́po méjì ohun tó wà lórí ìwé ni wọ́n máa ń fi ṣírò.

Ohun tó yẹ kó mú yín fura

Eré tó ń sá ni ká kọ́kọ́ wò. Pròsítéètì àgbà ń wú díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èyí tó ti orí ìtọ̀ tó ń lọ geere dé orí ìtọ̀ tó há pátápátá láàárín oṣù méjì mẹ́ta, ó yẹ ká béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ọjọ́ orí: ìtọ̀ tó há fún ọ̀dọ́mọkùnrin tàbí ọmọdé kì í ṣe ohun tí a ń fi oògùn pròsítéètì àgbà wò.

Ìdí wíwúwo ni ẹ̀kẹta, òun ló sì ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà ní ilẹ̀ wa. Ìwúlé náà ń ti ìfun ìdí láti iwájú, ìgbẹ́ á há, á tín-ín-rín, á máa ṣe aláìsàn bíi pé ìgbẹ́ kù níbẹ̀ tí kò jáde tán. Ìrora á wà láàárín ẹpọ̀n àti ihò ìdí. Ibí yìí ni jẹ̀díjẹ̀dí ti ń gba ẹ̀bi ohun tí kò ṣe: wọ́n á ní kó má jẹ ṣúgà mọ́, wọ́n á ra àgbo fún un lọ́jà, oṣù mẹ́ta á kọjá. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: jẹ̀díjẹ̀dí kì í sábà dí ìtọ̀. Bí ìgbẹ́ àti ìtọ̀ bá há pa pọ̀, ó yẹ ká wò ó bóyá ohun kan wà láàárín àwọn méjèèjì, ibẹ̀ sì ni pròsítéètì wà.

Ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ tàbí nínú àtọ̀ kò ṣàjèjì sí àìsàn mìíràn, òun nìkan kò tó. Àmọ́ bí wọ́n bá ti gba ọ̀nà ìtọ̀ fá pròsítéètì kúrò, tí ìtọ̀ là, tó tún há láàárín oṣù díẹ̀, ẹ padà lọ béèrè èsì ẹran tí wọ́n fá. Bí wọn kò bá fi ránṣẹ́ sí láàbù rárá, ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn.

Ti ọmọdé yàtọ̀ díẹ̀. Irú tó wọ́pọ̀ jù láàárín wọn ni rhabdomyosarcoma, èyí tó ń ti ara iṣan bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ju nǹkan bí ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Bí ọmọkùnrin tó ń wẹ̀ lódò bá tọ ẹ̀jẹ̀, àtọ̀sí ajá ni gbogbo ènìyàn ń rò, wọn kò sì jayò pa: ẹ jẹ́ kí láàbù wá ẹyin kòkòrò nínú ìtọ̀, kí wọ́n fún un ní praziquantel bí wọ́n bá rí i. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìkùn rẹ̀ le lókè abẹ́, tó ń fún ìtọ̀ tí kò jáde, tàbí tí nǹkan bí ṣíṣù èso kéékèèké ń yọ láti ojú ọ̀nà ìtọ̀, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni kó dé ojú síkáànù. Láàárín àgbàlagbà, leiomyosarcoma, tí òun náà ń ti ara iṣan bẹ̀rẹ̀, ló wọ́pọ̀ jù, láti bí ẹni 40 ọdún lọ sókè.

Alẹ́ tí ìtọ̀ há

Kí a tó sọ̀rọ̀ orúkọ àìsàn, ìtọ̀ gbọ́dọ̀ jáde, nítorí kíndìnrín kì í dúró de èsì. Rọ́bà ìwọ̀n 16 tàbí 18 ni wọ́n sábà ń lò fún àgbà. Bí kò bá wọlé, kí ẹnikẹ́ni má fi agbára tì í. Ìwúlé tó tẹ ọ̀nà ìtọ̀ mọ́lẹ̀ rọrùn láti ya, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ṣòro láti dá dúró. Wọ́n lè gba òkè abẹ́ fi rọ́bà sínú ilé ìtọ̀. Ẹ wọn ohun tó jáde, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá ń jáde ju 200 mílílítà lọ ní wákàtí kan, tó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún wákàtí méjì tẹ̀léra, ẹ pe nọ́ọ̀sì: omi àti iyọ̀ ara ń jò lọ, ó nílò dírípù. Kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò creatinine, tó ń fi bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, lọ́jọ́ náà, nítorí wọ́n máa nílò rẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní oògùn tó ń jẹ́ kí àwòrán CT tàbí MRI mọ́lẹ̀.

Ìka àti àwòrán

Ìka dókítà nínú ihò ìdí kò náni ní kọ́bọ̀, ó sì ń sọ púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń tijú rẹ̀, àwọn dókítà míì náà ń fò ó, wọ́n á ní síkáànù á fi hàn. Jẹjẹrẹ tó ti ara kókó wá sábà máa ń le bí òkúta, á sì rí gbágungbàgun. Sàkómà sábà máa ń tóbi, á dán, á rọ̀ díẹ̀ bí bọ́ọ̀lù rọ́bà, ó sì lè kún débi pé ìka kò ní kan òkè rẹ̀.

Síkáànù orí ìkùn á sọ bó ṣe tóbi tó, á sì wo kíndìnrín. Pròsítéètì tí kò wú jẹ́ nǹkan bí 20 sí 30 mílílítà. Ẹ má jẹ́ kí títóbi nìkan dẹ́rù bà yín, torí ti àgbà tó wú lásán lè ju 100 lọ. Ohun tí ẹni tó ń wo àwòrán yóò wá ni ìwúlé tí àárín rẹ̀ kò rí bákan náà, tí ibì kan le, tí ibòmíràn sì dúdú bí omi nítorí ẹran ibẹ̀ ti kú. Bí owó bá wà fún MRI, ẹ ṣe é kí abẹ́rẹ́ tó wọlé, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí abẹ́rẹ́ bá fà máa ń da àwòrán rú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. MRI tún ń sọ bóyá inú pròsítéètì ló ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́: ìwúlé kan wà tí wọ́n ń pè ní GIST, ara ìfun ìdí ló ti ń hù, á sì ti pròsítéètì síwájú títí á fi dà bíi pé òun ni.

Abẹ́rẹ́

Ẹ kọ gbogbo oògùn tó ń lò sínú ìwé, pàápàá èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn bíi warfarin, kẹ́ ẹ sì ka àgbo mọ́ ọn. Dókítà ni yóò sọ èyí tí wọ́n á dá dúró àti ọjọ́ tí wọ́n á dá a dúró. Bí abẹ́rẹ́ bá máa gba ihò ìdí, wọ́n á fún un ní oògùn apakòkòrò ṣáájú. Bó bá gba awọ tó wà lẹ́yìn ẹpọ̀n, ewu àrùn kéré sí i.

Àwọn dókítà sábà ń mú 10 sí 12 fọ́nrán ẹran pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ìwọ̀n 18. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni kí abẹ́rẹ́ lọ tààrà sí àárín. Àárín sàkómà ńlá sábà máa ń ti kú, ohun tí láàbù á sì rí kò ní ju ẹran òkú lọ, wọ́n á kọ̀wé pé kò tó láti sọ nǹkan. Etí ìwúlé, níbi tó ti nípọn tó sì ń gba ẹ̀jẹ̀, ni kí abẹ́rẹ́ ti mú ẹran, pẹ̀lú síkáànù tó ń ṣamọ̀nà rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nínú ìtọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, tàbí nínú àtọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò ṣe nǹkan. Ibà tó dé 38 tàbí òtútù tó ń gbọ̀n ni kò gbọdọ̀ sùn nílé mọ́jú.

Ìgò: ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù

Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, ẹbí ni wọ́n ń gbé ẹran náà lé lọ́wọ́ pé kó mú un lọ sí láàbù. Bó bá ti bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ mọ ohun tí ẹ ń gbé.

Fọ́málíìnì, omi tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà, ni kó wà nínú ìgò, èyí tí wọ́n ti là sí ìdá 10 nínú 100 tí wọ́n sì fi iyọ̀ fọ́sífééètì tọ́jú. Fún láàbù tó ń pò ó fúnra rẹ̀: 100 mílílítà ògidì fọ́málíìnì, 900 mílílítà omi, 4 gíráàmù sodium dihydrogen phosphate, 6.5 gíráàmù disodium hydrogen phosphate tí kò ní omi nínú. Bí iyọ̀ yẹn kò bá sí, fọ́málíìnì á kan, á máa jẹ DNA, àwọn àyẹ̀wò tó gbẹ̀yìn kò sì ní jáde dáadáa mọ́. Omi lásán kò ṣe é lò, omi iyọ̀ dírípù kò ṣe é lò, sípírítì tí wọ́n fi ń nu abẹ́rẹ́ náà kò dára. Nínú ooru tiwa, ẹran tó bá wà nínú omi láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ti ń jẹrà.

Kí omi fọ́málíìnì náà tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran, ó kéré tán. Àwọn tó fá pròsítéètì sábà máa ń da odidi ẹran sínú ìgò kékeré títí yóò fi kún dé ẹnu, fọ́málíìnì á wá dà bí ọbẹ̀ tí kò lómi: ti òkè á gbó, ti ìsàlẹ̀ á rà. Fọ́málíìnì kì í yára wọ inú ẹran, nǹkan bí mìlímítà kan ní wákàtí kan ni. Bí odidi pròsítéètì bá jáde, dókítà tàbí láàbù ni yóò là á sí fẹ̀lẹ́fẹ̀lẹ́ kó lè mu. Ẹ̀yin ẹbí, ẹ má fi ọwọ́ kàn án.

Ẹnu ìgò gbọ́dọ̀ fẹ̀. Ẹran tútù rọ̀, á gba ẹnu tóóró wọlé. Bó bá ti gbó tán, á le, kò ní jáde àfi kí wọ́n fọ́ ìgò. Ike omi mímu ni ká má tilẹ̀ sọ. Fọ́málíìnì mọ́ gaara bí omi, májèlé sì ni. Ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ kò mọ̀yàtọ̀.

Ara ìgò ni kẹ́ ẹ kọ orúkọ sí, nítorí ìdérí ń ṣí, wọ́n sì lè pààrọ̀ rẹ̀ mọ́ ti ẹlòmíì lórí tábìlì. Bíírò lásán á wẹ̀ dànù bí fọ́málíìnì bá jò. Pẹ́ńsù ló dára jù lórí ìwé. Orúkọ, nọ́ńbà ilé ìwòsàn, ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n gé e, ibi tí wọ́n ti gé e. Fọ́ọ̀mù tó bá a lọ ni wọ́n sábà ń fi sílẹ̀ lófo, tí wọ́n á kàn kọ "pròsítéètì". Ẹ rọ dókítà kó kọ ọjọ́ orí, PSA, bó ṣe pẹ́ tó, ohun tí ìka rí, iṣẹ́ abẹ tó ti ṣẹlẹ̀ rí, àti ìtànṣán tàbí oògùn jẹjẹrẹ tó ti gbà. Ìlà kan pé "PSA 1.8, ìwúlé ńlá, oṣù mẹ́ta" á yí ojú tí ẹni tó wà nídìí máíkíróskóòpù fi wò ó padà.

Ẹ gbé e dé láàbù lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì. Bí òpin ọ̀sẹ̀ bá dí yín lọ́wọ́, inú òjìji ni kó wà. Ẹ má gbé e sínú fíríìsà, yìnyín á fọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì. Ẹran tó bá lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú fọ́málíìnì náà kò dára mọ́ fún àyẹ̀wò alárò.

Fún àwọn tó wà ní láàbù: bí ẹran tí wọ́n fá kò bá ju gíráàmù 12 lọ, gbogbo rẹ̀ ni kó wọ kásẹ́ẹ̀tì. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, gíráàmù 12 àkọ́kọ́ ni wọ́n sábà ń fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí sẹ́ẹ̀lì àjèjì kan bá yọjú, tàbí bí fọ́ọ̀mù bá sọ ohun tó fani lọ́kàn, ẹ fi gbogbo ìyókù wọlé. Wáyà iná tí wọ́n fi fá a ń jó etí ẹran, ibi tó ṣe é kà lè má pọ̀.

Lábẹ́ máíkíróskóòpù

Ọ̀pọ̀ sàkómà máa ń fi sẹ́ẹ̀lì tó rí bí igi ìrànwú hàn: ó wú láàárín, ó ṣóńṣó ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Wàhálà ni pé nǹkan mìíràn náà ń rí bẹ́ẹ̀. Jẹjẹrẹ kókó lè pa àwọ̀ dà, pàápàá lẹ́yìn ìtànṣán. Ojú ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ náà lè hu ìwúlé kan ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n fá a, tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ á máa pín kíákíá bíi ti jẹjẹrẹ, tó sì jẹ́ ọgbẹ́ tó ń jinná lásán. Ìdí nìyí tí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó kọjá fi gbọ́dọ̀ wà lórí fọ́ọ̀mù.

Aró pupa àti aró búlúù tí wọ́n ń kọ́kọ́ lò kò lè yà wọ́n. IHC ni wọ́n á lò, ìyẹn àyẹ̀wò alárò tí oríṣiríṣi aró rẹ̀ ń mú ara oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì. Leiomyosarcoma á gba SMA, desmin àti h-caldesmon. Rhabdomyosarcoma á gba desmin, myogenin àti MyoD1. Sàkómà fọ́nrán pròsítéètì fúnra rẹ̀, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò le tó o tí wọ́n ń pè ní STUMP, sábà máa ń gba CD34. GIST á gba CD117 àti DOG1. Solitary fibrous tumour, ìwúlé fọ́nrán mìíràn tí òun náà ń gba CD34, STAT6 ló ń tú u fó. Keratin àti NKX3.1 ni wọ́n fi ń wá jẹjẹrẹ kókó, ṣùgbọ́n leiomyosarcoma náà lè gba keratin díẹ̀, nítorí náà aró kan ṣoṣo kò tó. Ẹbí kò ní há àwọn orúkọ yìí sórí; ẹ kàn wò ó bóyá irú wọn wà nínú èsì. Èsì tó sọ pé "ìwúlé oní sẹ́ẹ̀lì ìrànwú" tó sì dúró síbẹ̀, iṣẹ́ kò tíì parí.

Ohun kan tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò: bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ ní sàkómà tí wọ́n tún fún un ní máàkì Gleason, ẹ padà lọ béèrè. Jẹjẹrẹ kókó ló ni Gleason. Sàkómà àgbà, ìpele 1 sí 3 ni wọ́n fi ń wọn ọ́n, lórí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe jọ ẹran gidi tó, iye tó ń pín, àti bí ẹran tó kú ṣe pọ̀ tó. Rhabdomyosarcoma ọmọdé ní ètò tirẹ̀.

Kí èsì tó dé

Ẹ má gbà kí wọ́n yọ kóró ẹpọ̀n tàbí bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ họ́mọ̀nù lórí ìfura lásán. Ìtọ́jú yẹn wà fún jẹjẹrẹ kókó, tí họ́mọ̀nù ọkùnrin ń bọ́. Kò ní dá sàkómà dúró, kóró ẹpọ̀n tí wọ́n bá sì ti yọ kì í padà. Bó bá jẹ́ sàkómà, wọ́n á ṣe CT àyà, nítorí ẹ̀dọ̀fóró ló sábà máa ń sá lọ. Fún àgbà, iṣẹ́ abẹ tó yọ ọ́ tán ni wọ́n ń lépa, pẹ̀lú oògùn bíi doxorubicin àti ifosfamide nígbà tó bá yẹ; ọmọdé sábà máa ń fi oògùn bẹ̀rẹ̀, ìtànṣán tàbí iṣẹ́ abẹ á tẹ̀ lé e.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ìwòsàn LAUTECH àti Bowen, èyí tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Báptìsì, ni ọ̀pọ̀ á ti bẹ̀rẹ̀. Bí aró IHC bá kù, ẹran náà ni kó rìn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá UCH ní Ìbàdàn tàbí sí Ìlọrin tó sún mọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ jù, kí aláìsàn má tún lọ gba abẹ́rẹ́ mìíràn. Ẹ béèrè síláìdì àti búlọ́ọ̀kù ìda tí wọ́n rì ẹran náà sí, pẹ̀lú lẹ́tà dókítà, nítorí síláìdì nìkan kò ṣe é fi aró tuntun sí. Ẹ mú ẹ̀dà èsì, fíìmù tàbí CD àwòrán, gbogbo ìwé PSA pẹ̀lú ọjọ́ wọn, ẹ kọ nọ́ńbà búlọ́ọ̀kù sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì buwọ́ lu ìwé pé ẹ gbà á. Ìda tí wọ́n rì í sí ń yọ́ ní nǹkan bí 56 sí 60 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, ojú dáṣíbọ́ọ̀dù lábẹ́ oòrùn sì ti gbóná tó láti sọ ọ́ di rọ̀. Inú báàgì ọwọ́ ni kó wà, lábẹ́ ìjókòó, títí mọ́tò á fi dé.